Ìyá Ìbejì tó ń sá fún omi fọwọ́ ara rẹ̀ tukọ̀ ní Ìkéré

Ká ní ẹnì kan sọ fún Ìyá Ìbejì, oníṣòwò aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, pé ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, tí yóò di àjẹ̀ mú, tí yóò sì máa tu ara rẹ̀ lọ, èpè ni ì bá fi dá olúwarẹ̀ lóhùn. Obìnrin náà kì í bẹ̀rù èèyàn o. Ẹni tó bá rajà rẹ̀ láwìn tí kò san, yóò bá a níwájú ilé láàárọ̀ kùtù kí onítọ̀hún tó fọ ojú. Awakọ̀ tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ ní gáréèjì, ẹnu lásán ni yóò fi gba ṣéńjì rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n omi! Bó bá ti rí omi tó ju orúnkún lọ, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí odò Ògùn gbé bàbá rẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ ni bàbá náà, oko rẹ̀ sì wà lódìkejì odò. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, odò kún àkúnya. Bàbá ní iṣu òun kò gbọdọ̀ jẹrà sóko. Òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn wọ ọkọ̀ igi kan, wọ́n lọ, wọ́n sì kó iṣu sínú ọkọ̀ náà nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Láàárín odò ni ọkọ̀ dojú dé. Àwọn mẹ́ta jáde. Bàbá Ìyá Ìbejì kò jáde. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ̀ ti búra pé kò sí ọmọ òun kan tí yóò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi mọ́ láyé.

Ọdún ń gorí ọdún, kò sì sẹ́ni tó da ìbúra náà. Ìyá Ìbejì dàgbà, ó lọ́kọ, ó bí ìbejì, ó tún bí Ìdòwú lé wọn. Òwò aṣọ òfì ló yàn láàyò. Òun ni yóò ra òwú, òun ni yóò kó o fún àwọn ahunṣọ, òun náà ni yóò gbé aṣọ lọ sí Ìbàdàn àti Èkó. Ojú títì ni gbogbo òwò rẹ̀. Kí ló kàn án kan omi?

GBÈSÈ TÓ WÀ LÓDÌKEJÌ OMI

Àfi bí ìdílé kan láti Àgbóyì, ní ìhà Kétu l'Ékòó, ṣe wá sí Ìsẹ́yìn wá pàṣẹ aṣọ ìyàwó. Àlàárì ni wọ́n fẹ́, wọ́n sì fẹ́ ẹtù díẹ̀ fún àwọn àgbà. Wọ́n san ìdajì owó. Ó ku ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé ogójì náírà (₦240,000). Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ni Ìyá Ìbejì yá fi ra òwú, oṣù kan péré ló sì kù kó dá a padà. Àwọn ahunṣọ mẹ́ta náà ń retí owó ọwọ́ wọn. Ọ̀kan nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ní kíkí méjì láàárọ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí irú ìkíni bẹ́ẹ̀ ń wí.

Ẹnì kan á ní, ṣé wọn ò lè fi owó náà ránṣẹ́ sí báńkì ni? Ìyá arúgbó tó ni ìnáwó yarí. Ó ní òun kò ní san kọ́bọ̀ lórí aṣọ tí òun kò tíì fọwọ́ kàn. Ẹsẹ̀ ń dun òun, òun kò lè wọ ọkọ̀ sọdá wá sí Kétu. Kí aláṣọ gbé aṣọ wá bá òun nílé.

Ìyá Ìbejì di aṣọ, ó lọ. Ó dé etí omi ní Kétu, ó rí i pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ sọdá. Àwọn ọmọ iléèwé ń fò wọ inú ọkọ̀ bí ẹni ń fò wọ orí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ di àjẹ̀ mú nídìí ọkọ̀ kékeré kan, ó sì ń pè é pé, "Màmá, ẹ wọlé o! Àbí ẹ̀rù ń bà yín ni?"

Ìyá Ìbejì gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ẹsẹ̀ náà kò lọ, kò bọ̀. Ó wo omi, ojú bàbá rẹ̀ ló rí. Ó gbé ẹrù rẹ̀ padà sórí, ó yíjú sí ojú títì. Owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ ti di òfò. Láti Kétu títí dé Ìbàdàn, ìborùn ló fi bojú kí àwọn èrò ọkọ̀ má baà rí omijé.

ODÒ KAN NÁÀ NI

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn jù ni pé ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ káfíńtà, sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà pé omi tó dínà mọ́ ọn l'Ékòó kì í ṣe àjèjì. Odò Ògùn kan náà ni. Òótọ́ ni ọkọ rẹ̀ sọ. Ní àdúgbò Ṣakí, láàárín àwọn òkè ilẹ̀ ọ̀dàn wa níbí, ni odò yìí ti sun. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo agbègbè yìí ní Òkè-Ògùn. Ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, Old Oyo National Park, ó gba Ìkéré nítòsí Ìsẹ́yìn, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, kó tó lọ wọnú ọ̀sà Èkó. Ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bí ọ̀rìnlénírínwó (480) kìlómítà.

Omi tó gba bàbá lọ́wọ́ rẹ̀ ló tún fẹ́ gba owó rẹ̀. Ìyá Ìbejì dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì kọ́!"

Ní ọjà, ó sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìyá ẹlẹ́ja tí wọ́n jọ ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìkéré ni ìyá ẹlẹ́ja ti ń ra ẹja. Ó ní apẹja àgbà kan wà níbẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, tí orí omi ni wọ́n bí i sí, tó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní ọkọ̀ títù. Wọ́n lọ rí bàbá. Bàbá kò gba owó. Ó ní fìlà òfì kan ṣoṣo ni òun fẹ́, kó sì jẹ́ sányán gidi. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé, nínú oṣù kejì tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí omi dákẹ́.

Ìyá Ìbejì kò sọ fún ìyá rẹ̀.

OHUN TÓ PA BÀBÁ RẸ̀

Aago méje àárọ̀ ni wọ́n débẹ̀. Ẹni tó bá ti dé Ìkéré Gorge mọ̀ pé omi ibẹ̀ pọ̀. Ní 1983, nígbà tí Alhaji Shehu Shagari wà lórí àléfà, ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láti dí odò Ògùn, kí wọ́n lè rí omi mu, kí wọ́n rí omi bomi rin oko, kí wọ́n sì rí iná mànàmáná. Adágún náà lè gba omi tó ẹgbẹ̀ta ó lé àádọ́rùn-ún mílíọ̀nù (690 mílíọ̀nù) mítà oníhà mẹ́ta. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí. Àwọn kùkùté igi tí omi ti bò mọ́lẹ̀ yọrí síta níbì kan níbì kan, ẹyẹ sì bà lé wọn.

Ìyá Ìbejì kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ìbejì. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ jókòó ná. A ò tíì ní wọ ọkọ̀." Bàbá Ìlàjẹ wò ó títí. "Wọ́n ní odò ló pa bàbá yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Omi ló pa wọ́n."

"Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi."

Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún un. Bàbá ń ka ìka. Ó ní, "Ìkíní, odò kún, ìṣàn rẹ̀ sì le, ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn ń wọ odò. Ìkejì, èèyàn mẹ́rin àti iṣu nínú ọkọ̀ kékeré, ẹrù ti pọ̀ jù. Ìkẹta, kò sẹ́ni tó wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ̀kẹrin, mo fẹ́ bi yín: ṣé ẹnì kan kò dìde dúró nínú ọkọ̀ náà?"

Ìyá Ìbejì dákẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti sọ fún un rí. Iṣu kan ń yí bọ́ sómi, bàbá rẹ̀ dìde láti mú un.

"Àwọn mẹ́ta tó jáde ńkọ́, gbogbo wọn ló mọ omi í wẹ̀?"

Ọ̀kan kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ọkọ̀ tó dojú dé náà ló rọ̀ mọ́ títí àwọn èèyàn fi fà á jáde. Láti ọgbọ̀n ọdún ni Ìyá Ìbejì ti mọ ìtàn yìí, kò sì rò ó lọ síbẹ̀ rí.

Bàbá ní, "Omi kì í ṣe ọ̀tá yín, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ yín. Omi kò mọ̀ yín rárá. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n."

ÀÀRỌ̀ Ọ̀HÚN LÓRÍ OMI

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, kò sí ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀wù ààbò ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ fún un, èyí tó pupa bí ọsàn, wọ́n sì di gbogbo okùn rẹ̀ pinpin. Bàbá fà á sókè ní èjìká méjèèjì. Ó ní bí ẹ̀wù náà bá gòkè kọjá àgbọ̀n, àwọ̀lásán ni. Lẹ́yìn náà wọ́n rìn wọnú omi. Ó dé kókósẹ̀. Ó dé orúnkún. Nígbà tó dé ìbàdí, Ìyá Ìbejì di ọwọ́ ìyá ẹlẹ́ja mú bí ẹni tó fẹ́ ká a.

"Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀," ni bàbá wí.

"Lórí kí ni?"

"Lórí omi."

Ó pariwo, ó pe Ọlọ́run, ó pe orúkọ bàbá rẹ̀, ó sì fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ̀wù gbé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, orí rẹ̀ kò sì wọlé. Ó ń wo ojú ọ̀run, etí rẹ̀ wà nínú omi, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju mímí ara rẹ̀ lọ. Nígbà tó dìde, ẹ̀rín ló ń rín.

Ẹ̀kọ́ kejì ni bí a ṣe ń wọ ọkọ̀. Ẹ má fò wọ̀ ọ́ bí àwọn ọmọ Àgbóyì. Àwọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ sí àárín gbùngbùn, ẹ jókòó lẹ́sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti jókòó, kò sí ohun tó lè mú kí ẹ dìde títí ẹ ó fi dé èbúté. Bí iṣu bá bọ́ sómi, ó ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni àjẹ̀. Ìyá Ìbejì ń fi àjẹ̀ lu omi pàà-pàà bí ẹni ń na ọmọ. Ọkọ̀ ń pòòyì lójú kan, àwọn ọmọ apẹja sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Bàbá ní kó rọra, kó ti ojú àjẹ̀ bọ omi pátápátá, kó fà á sẹ́yìn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kó yọ ọ́ láìpariwo. Ó ní, "Ṣebí ọ̀dọ̀ ahunṣọ lẹ ń gbé? Nígbà tí ahunṣọ bá ju ọkọ̀ òfì sọ́tùn-ún, tó gbà á lósì, ǹjẹ́ ó ń bá a jà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là á lójú. Ìyá Ìbejì mọ ìró òfì bó ṣe mọ ohùn àwọn ọmọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á nínú ikùn: ọ̀tún, ọ̀tún, òsì, òsì. Ọkọ̀ tẹ́, ó na gbọọrọ, ó sì ń lọ. Wọ́n lọ títí dé ibi kùkùté igi kan, wọ́n yípo rẹ̀, wọ́n padà. Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n jìnnà sétí omi. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ lọ ju ibi tó ti lè pe èèyàn tí wọ́n á gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ kẹrin ló le jù. Bàbá ní kí àwọn dojú ọkọ̀ dé níbi tí omi kò jìn. Ìyá Ìbejì kọ̀. Bàbá ní kò burú, wọ́n tún tukọ̀ síwájú sẹ́yìn. Ó tún béèrè, ó tún kọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ní, "Ẹ jẹ́ ká dojú rẹ̀ dé." Ọkọ̀ yí. Omi bò ó lójú, ó wọ imú rẹ̀, ẹ̀wù sì tún gbé e jáde. "Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀!" ni bàbá ń ké. Ó na ọwọ́, ó kan igi, ó rọ̀ mọ́ ọn. Ọkọ̀ igi kò rì. Ó dojú dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó léfòó síbẹ̀, òun náà sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ó sunkún níbẹ̀, lórí ọkọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun.

OMI TÓ Ń LỌ TÓ Ń BỌ̀

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, ojú adágún bẹ̀rẹ̀ sí í rúgbó. Bàbá ní ó tó. Ó ní ẹni tó bá dúró kí afẹ́fẹ́ lé òun nílé ti pẹ́ jù. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi, wọ́n jẹ àmàlà pẹ̀lú ẹja tútù. Bàbá wá fi igi yàwòrán sórí ilẹ̀ láti fi bí omi Àgbóyì ṣe yàtọ̀ sí ti Ìkéré hàn án.

Ti Ìkéré, òjò ló ń kún un, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń fà á. Ti Àgbóyì, ọ̀sà àti òkun ló ni ín. Òṣùpá ló ń fa òkun. Omi á máa wọlé fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, á dúró díẹ̀, á tún máa jáde fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Lójoojúmọ́, ó máa ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ ju ti àná lọ. Nígbà tí oṣù bá lé àti nígbà tó bá di àrànmọ́jú, kíkún rẹ̀ àti fífà rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọdá, kó bi àwọn ọmọ ibẹ̀ pé, "Omi ń wọlé ni àbí ó ń jáde?" Ìgbà tó bá dúró díẹ̀ yẹn ló rọrùn jù fún ẹni tuntun. Bó bá ń jáde, yóò máa fa ọkọ̀ lọ sí ọ̀sà, ẹni tí apá rẹ̀ kò bá le kò ní lè padà.

Ó tún ní, bó bá di àsìkò òjò, kí ó ṣọ́ra gidi. Omi tó ń bọ̀ láti òkè, àti èyí tí wọ́n bá tú sílẹ̀ ní ìdídò Ọ̀yán, lè pàdé omi òkun tó ń wọlé. Nígbà náà ni ilé àti ọ̀nà máa ń wọnú omi ní àwọn àdúgbò etí odò Ògùn l'Ékòó.

Ìyá Ìbejì ní ojú ń ti òun pé àgbàlagbà bí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ohun tí ọmọ ọdún mẹ́jọ mọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ní 1987, darandaran kan tó ń gbẹ́ kànga ní Dufuna, ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Yobe lónìí, kan ọkọ̀ igi kan nínú ilẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sọ pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Ọkọ̀ títù ti pẹ́ láàárín wa. Lọ́nà jíjìn, níbi tí yìnyín ti ń bo omi, àwọn ará ibẹ̀ ló dá ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní kayak sílẹ̀, awọ ẹran ni wọ́n fi ń bò ó, òun ni wọ́n sì fi ń ṣọdẹ. Ó ti di eré ìdárayá báyìí. Láti 1936 ni wọ́n ti ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ díje ní Òlíḿpíìkì. Jonathan Akinyemi fi kayak díje fún Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012. Ní 2019, ọmọbìnrin kan, Ayomide Bello, gba góòlù mẹ́rin fún Nàìjíríà nínú ọkọ̀ títù ní ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ṣe ní Morocco. Ta ló wá sọ pé obìnrin kì í tukọ̀?

Ó PADÀ SÍ ÀGBÓYÌ

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá Ìbejì tún di aṣọ rẹ̀. Ó fi ọ̀rá wé e lọ́nà méjì. Ó ra ẹ̀wù ààbò tirẹ̀, ó gbé e dání. Ó dé Kétu, ó béèrè bí omi ṣe ń ṣe. Wọ́n ní ó ń jáde. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ aláàkàrà kan fún wákàtí kan àti àbọ̀, kò kánjú. Ọkọ̀ kan kún fún èrò, ó ní òun kò wọ̀ ọ́. Wọ́n pè é ní ojo, ó ní wọ́n gba orúkọ òun. Nígbà tí omi dúró, ó bá atukọ̀ kan sọ̀rọ̀, èèyàn méjì péré ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé, ó jókòó. Ní àárín omi, ó béèrè àjẹ̀ kejì lọ́wọ́ atukọ̀. Wọ́n jọ tù ú dé èbúté.

Ìyá arúgbó náà fọwọ́ pa aṣọ, ó gbé e sétí fèrèsé, ó yẹ ìfọnà wò. Ó san ọ̀kẹ́ mẹ́wàá náírà (₦200,000), ó ní kí ogójì ẹgbẹ̀rún tó kù dúró di ọjọ́ kejì ìyàwó. Bí àwọn oníbàárà ṣe rí nìyẹn. Ẹgbẹ́ gba owó tirẹ̀ padà kí oṣù tó pé, àwọn ahunṣọ sì rí díẹ̀ gbà.

Ó wá ku ìyá rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ìbejì lọ bá a nínú yàrá, ó kúnlẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ pátá, láti Kétu títí dé Ìkéré. Ìyá kò sọ̀rọ̀. Ó ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u. Ó pẹ́ kó tó ní, "O dojú ọkọ̀ dé, o sì jáde?"

"Mo jáde, màámi."

"Ẹ̀wù yẹn ló gbé ẹ?"

"Òun ni, màámi. Mo sì di ọkọ̀ mú."

Ìyá tún dákẹ́. Kò súre, kò sì bú u. Ó sọ fún un pé kó lọ sùn, ilẹ̀ ti ṣú. Ṣùgbọ́n kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ìyá pè é padà. Ọmọ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti ń dáko lódìkejì odò láti ọdún méjì, gbogbo ilé ló mọ̀, kò sì sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ fún màmá. Àṣé màmá náà mọ̀.

Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú owó jáde, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bá mi ra ẹ̀wù kan fún ọmọ yẹn. Kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀."